Fíìmù 120 kò níí tètè tán, ooru ni kí ẹ ṣọ́ra fún

Ẹni tó bá jogún káńmẹ́rà Yashica Mat tàbí Mamiya lọ́wọ́ bàbá tó ń yàwòrán, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ṣé fíìmù rẹ̀ ṣì wà. Ó wà. Kodak ló gbé 120, fíìmù fífẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ mọ́ bébà, jáde ní 1901, ó sì ti pẹ́ ju àbúrò rẹ̀ méjì lọ: 620 ti lọ, 220 náà ti ṣọ̀wọ́n.

Àwọn tó ń ṣe é lónìí kò pọ̀, àmọ́ wọn kò sí lójú kan. Kodak wà ní Amẹ́ríkà, Ilford wà ní Ìlú Ọba, Foma wà ní Czech. Fujifilm ti Japan ń fà sẹ́yìn, ó dá Pro 400H dúró ní 2021, nígbà tí Kodak fi Gold 200 kún ti 120 ní 2022. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹ gbára lé dúdú-àti-funfun. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ìlẹ̀kùn, ẹ ó rí ti ẹlòmíràn rà. Ti aláwọ̀, ọwọ́ Kodak ni èyí tó pọ̀ jù wà. Sláìdì, fíìmù aláwọ̀ tí a máa ń tàn sára ògiri wò, ti wọ́n báyìí, yóò sì tún wọ́n sí i.

Ẹ ṣí ẹ̀yìn káńmẹ́rà wò kí ẹ tó ná owó. Yashica Mat 124 ní irin pẹlẹbẹ kan tó ń tẹ fíìmù, wọ́n kọ 12 àti 24 sí i. 12 ni kó wà. Bó bá wà lórí 24, àyè tó kù kò gba bébà ẹ̀yìn fíìmù, yóò máa há bí ẹ bá ń yí i. Òpó kékeré tí fíìmù máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀, ẹ má jù ú nù, torí láìsí i, fíìmù tuntun kò ní ibi tí yóò ká sí.

Ooru gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bébà tó wà lẹ́yìn fíìmù 120 ní nọ́ńbà lára. Bí ooru bá pàdé ọ̀rinrin, nọ́ńbà yẹn máa ń ràn mọ́ fíìmù: ẹ ó fọ̀ ọ́ tán, ẹ ó rí 7 tó dúró sáàárín sánmà. Mọ́tò tí wọ́n pa sínú oòrùn ní Ọjà Ọba, l'Ádó, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́. Ẹ má já ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ẹ kó o sínú ike tó dé dáadáa, kí ẹ gbé e sí fíríìjì. Fíríìjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ṣì sàn ju àpótí tó wà lábẹ́ páànù lọ. Lọ́jọ́ ìlò, ẹ gbé e jáde ní wákàtí méjì ṣáájú. Ẹni tó bá já ọ̀rá nígbà tó ṣì tutù, ìrì ni yóò ṣẹ̀ sí i lára. Ẹ má sì tò ó jọ bí aṣọ ẹbí. Èyí tí ẹ ó lò láàárín ọdún kan ti tó.

Ẹni tó bá ń bá yín mú un bọ̀ láti òkè òkun, kó fi sínú báàgì ọwọ́, kó sì bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù inú ikùn ọkọ̀ òfurufú wò máa ń bà á jẹ́.

Kẹ́míkà lè wọ́n kí fíìmù tó wọ́n, àmọ́ a lè po D-76 fúnra wa, ìyẹn dẹ́fẹ́lọ́pà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán hàn lára fíìmù dúdú-àti-funfun. Ẹ gbé omi 750 ml tó gbóná dé 50°C. Ẹ da metol 2 g sí i, ẹ rò ó títí yóò fi yòrò. Ó wá kan sodium sulphite 100 g (“anhydrous” ni kí wọ́n kọ sí i lára), hydroquinone 5 g, borax 2 g. Ẹ fi omi tútù kún un di lítà kan, kó sùn mọ́jú. Metol gbọ́dọ̀ ṣáájú: bí sulphite bá ti kún inú omi, metol á kọ̀, kò ní yòrò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, metol a máa jẹ awọ ara. Ti háípò (sodium thiosulphate, kẹ́míkà tó tẹ̀lé e, tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ má lè ba àwòrán jẹ́ mọ́), 250 g nínú lítà kan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí ẹ lò, nítorí bó ṣe ń yòrò ló ń mú omi tutù.

HP5 Plus, fíìmù dúdú-àti-funfun ti Ilford, nínú D-76 tí a kò bù omi là, ìṣẹ́jú 7½ ni ní 20°C. Omi ẹ̀rọ wa sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀. Ní 27°C, kò ní ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, fíìmù kì í sì í fọ̀ dọ́gba nínú àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi la D-76 náà ní ìdajì-ìdajì, ẹ gbé táǹkì sínú bàsíà tí áìsì wà nínú rẹ̀ títí tẹmómítà yóò fi kà 24°C, ẹ fọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 7½. Háípò àti omi tí ẹ ó fi ṣan fíìmù, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ 24°C náà. Bó bá ti inú tútù bọ́ sínú gbígbóná, ojú fíìmù á hun bí awọ arúgbó. Aláwọ̀ ní tirẹ̀, nínú kẹ́míkà tirẹ̀, 37.8°C ló ń fẹ́, ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ ó dín ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ẹ̀yin ará Ìkọ̀gòsì, ẹ má rẹ́rìn-ín, tẹmómítà ṣì ni kí ẹ lò.

Nígbà ọyẹ́, balùwẹ̀ ni kí ẹ sá fíìmù tí ẹ fọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku bọ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí wákàtí mẹ́ta.