Ọlọ́run kò jẹ́ kí n kú sọ́nà Kábùwà

Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, nílé lóko, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, tí kò jẹ́ kí wọ́n ti inú igbó gbé òkú mi wọlé. Ẹkún ni ìyá mi ì bá máa sun lónìí. Ẹ̀rín ló ń rín.

Àwa márùn-ún la jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà tó ń gun òkè yìí. A kì í bára wa díje, kò sí ife ẹ̀yẹ, ọ̀rẹ́ lásán ló dà wá pọ̀. Nígbà ìsinmi àwọn ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe ní oṣù January, tí ibi iṣẹ́ wà ní títì, a ní ká gun kílómítà 90: láti ẹsẹ̀ òkè wa, ká gba apá ìlú Kábùwà, ká tọ ọ̀nà màlúù yí po, ká padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la jáde. Ọyẹ́ mú gan-an. Nítorí òtútù yẹn ni mo ṣe gbé ìgò omi méjì péré. Mẹ́rin mẹ́rin làwọn tó kù gbé. Ẹ gbọ́ o, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n: ọyẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun ń làágùn. Bí òógùn ṣe ń yọ ni atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́. Iyọ̀ ló máa ṣẹ́ kù lójú, funfun bí ẹfun.

Ó dùn títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Àwọn òkè òkúta tí àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun Dànhòmẹ̀ ń dúdú nínú kùrukùru lẹ́yìn wa. Kajú ti ń yọ òdòdó, gbogbo oko ń ta sánsán. Lẹ́yìn náà la já sínú iyanrìn. Ẹni tí kò bá gun kẹ̀kẹ́ nínú iyanrìn rí kò mọ bí agbára ṣe ń tán. A yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà kó lè tẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ṣe ló ń rì. A ń gùn, a ń sọ̀ kalẹ̀, a ń tì í. Wọ́n ti sun igbó ibẹ̀, eérú lọ́tùn-ún, eérú lósì, oòrùn lókè.

Nígbà tó máa fi di aago kan, omi mi ti tán tipẹ́. Ojú tì mí, mi ò sọ. Iṣan ẹsẹ̀ ń fà mí, orí mi ń lù bí odó ìyá oníyán. Ẹ̀gbọ́n wa tí à ń pè ní Tíṣà sún mọ́ mi, ó ní, "Àbúrò, ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo le. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. Ó gbẹ táútáú, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Wọ́n bi mí pé kí ni orúkọ àkọ́bí mi. Mo wò wọ́n. Mi ò rántí.

"Ẹ dúró! Kò sẹ́ni tó tún ń lọ síbì kankan!"

Wọ́n gbé mi sábẹ́ igi òrí kan tí iná kò pa. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n ń da omi sí mi lágbárí, lọ́rùn, lábíyá, wọ́n sì ń fẹ́ mi. Omi tí àwọn fúnra wọn máa mu délé ni wọ́n ń dà sí mi lára o! Fọkanáísà, èyí tó kéré jù nínú wa, gun kẹ̀kẹ́ wá gáà Fúlàní rí. Ìyá kan bá a padà wá pẹ̀lú igbá omi lórí. Nígbà tí ojú mi là díẹ̀, ó gbé orí mi sórí itan rẹ̀, ó ń fún mi lómi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ìkókó lágbo. Ọmọ rẹ̀ ló fi alùpùpù gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fi mí sáàárín, Fọkanáísà dì mí mú látẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì ní ooru ara mi ti lé ní 40, pé títù tí wọ́n tu ara mi lábẹ́ igi yẹn ló yọ mí. Wọ́n fa omi sí mi lára. Ilẹ̀ ti ṣú kí orúkọ ọmọ mi tó padà sí mi lẹ́nu. Mo ń pè é ṣáá, mo ń sunkún.

Tíṣà, ẹ kú ìdúró tì mí. Fọkanáísà, Olúwa á dúró tì ọ́. Ẹ̀yin méjì tó kù, tí ẹ ti kẹ̀kẹ́ mi mọ́ tiyín wálé nínú òkùnkùn pẹ̀lú òùngbẹ, mi ò lè san án. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni kò ní bá wa jáde láìpo omi oníyọ̀ dání: omi lítà 1, ṣíbí kékeré ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ gbé aṣọ àǹkárá lọ sí gáà náà. Ìyá gba aṣọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ló ń wò. Ó ní, "Kí lorúkọ ẹ?"

Èmi ni mo dáhùn, kí ọmọ tó la ẹnu.