Wọ́n Fi Ata Sómi

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti rí ilé oúnjẹ tó dáa fún ọmọdé ní Victoria Island, ohun tó bi mí kò ju, "Bàbá Ìbejì, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní kó wo fóònù. Jangirọ́fà ló wà nínú fọ́tò yẹn! Wọ́n fi òdòdó yí okùn rẹ̀ ká. Ta ló máa rí jangirọ́fà tí kò ní mọ̀ pé tọmọdé ni? Èmi tí mo ṣe agùnbánirọ̀ l'Ékòó, tí mo sì ń fi ọ̀rọ̀ náà dá gbogbo èèyàn lágara láti ìgbà náà, ṣé n ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni?

Ẹ ṣáà mọ àwọn ìbejì mi. N ò ní ṣàlàyé.

A kúrò n'Íbàdàn láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbà wá lálejò ní Berger, ìgbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí Third Mainland, Táyé ti ń jẹ bẹ́líìtì àga ọkọ̀. Ilé oúnjẹ ọ̀hún wá tutù débi pé ìyàwó mi tú gèlè, ó fi bo Kẹ́hìndé. Ọmọkùnrin kan tó de táì wá pàdé wa. Ó wo èmi, ó wo àwọn ọmọ, ó wá bojú wẹ̀yìn wo àwọn àga funfun wọn.

"Ṣé ẹ ti jẹ́ ká mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ń bọ̀, sà?"

Mo ní ebi ò jẹ́ káwa náà mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo bèèrè àga ọmọdé, ó gbé tìmùtìmù méjì wá. Mo bèèrè jangirọ́fà, ó nàka sí i. Arábìnrin kan ló jókòó lé e, ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yà á ní fọ́tò, àwọn mìíràn tò sẹ́yìn, wọ́n ń kun ètè. "Fọ́tò la fi ń yà, sà. A kì í jẹ́ kí ọmọdé gùn ún." Táyé ti rí i kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ẹkún ṣí.

Ibi omi gan-an ni mo ń bọ̀.

Ọmọkùnrin onítáì ní, "Still àbí sparkling, sà?" Omi lásán àbí omi tó ń hó bíi mínírà ló ní lọ́kàn. Ẹ wò ó, bó bá jẹ́ pé àwa nìkan la wà níbẹ̀ ni, pọ́wà wọ́tà ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní tábìlì kejì ti ń wò wá láti ìgbà ẹkún jangirọ́fà, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ará Ìbàdàn náà là lójú. Mo túnra mú. Mo ní, "Sparkling, please." Mo fi ahọ́n yí i dáadáa.

Ìgò ní ṣììì. Kẹ́hìndé, tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti Berger, ò dúró kí n gbé kọ́ọ̀bù fún òun. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé e, ó dà á sọ́fun. Ojú rẹ̀ là. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Omi gba imú jáde. Ó wò mí bíi pé èmi gan-an ni mo tà á, ó wá fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un ké:

"Dádì! Wọ́n fi ata sómi!"

Táyé dákẹ́ ẹkún lójú ẹsẹ̀. Ó gba kọ́ọ̀bù, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ́rìí sí i: "Ata ni!" Kí n tó dìde, àwọn méjèèjì ti ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, wọ́n ń kìlọ̀ fáráyé. "Ẹ má mu ún o! Ata wà níbẹ̀!" Bàbá kan tó wọ kóòtù gbé kọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Mo rí i! Àgbàlagbà, ó gbé e sílẹ̀ ó sì ń wo inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé ti wá gùfẹ̀. N ò mọ ibi tí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ti rí irú gùfẹ̀ yẹn. Àwo mì. Olóríire kan lórí jangirọ́fà bú sẹ́rìn-ín, fọ́tò rẹ̀ bàjẹ́.

Ìrẹsì dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrora, díẹ̀ báyìí láàárín àwo ràgàjì kan. Táyé gbé àwo sókè wo abẹ́ rẹ̀. "Ìyókù dà?" Bí ìrẹsì ṣe dà sílẹ̀ nìyẹn. Ti bàtà ìyáàfin kan tó di àwátì lábẹ́ tábìlì, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀. A padà rí i.

Ìwé owó ló wá mú mi gbàgbé àwọn ọmọ pátápátá. VAT ti ìjọba àpapọ̀, 7.5%. Owó orí ìjẹun ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, 5%. Service charge, 10%. Ta ló ṣe service? Ẹni tó gbé tìmùtìmù? Ìrẹsì tó wà nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò jẹ, Àbújá ti gba tirẹ̀ níbẹ̀, Aláùsá náà ti gba tirẹ̀. Kódà omi ata, wọ́n gbowó orí lé e.

Nínú ọkọ̀ ni Ìyá Ìbejì tó sọ̀rọ̀: "Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sí Freedom Park."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n Broad Street àwọn òyìnbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ti Awólọ́wọ̀ mọ́bẹ̀ rí, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ẹ wo ayé! Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti gba àwọn ọmọ mi tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sáré lórí koríko títí, a jẹun, ọkàn mi balẹ̀. Kẹ́hìndé nìkan ló fi imú gbóòórùn pọ́wà wọ́tà kó tó mu ún.

Ibẹ̀ ni màmá ìyàwó mi ti pe fóònù mi. Àwàdà bá gùn mí. Mo ní, "Màmá, ẹ̀wọ̀n la wà o! Victoria Island la ti dé—" Fóònù kú. Gbogbo iná rẹ̀ ni mo ti fi wá ilé oúnjẹ. Ti ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀.

Ìgbà tí a gba iná sí i tí a fi dé Berger, Màmá ti pe pásítọ̀, pásítọ̀ ti kéde ààwẹ̀, wọ́n sì ti fi fọ́tò ìgbéyàwó wa sórí WhatsApp ẹbí pẹ̀lú àdúrà. Ìpè ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló kọ́kọ́ wọlé. Kò tilẹ̀ kí mi.

"Má bẹ̀rù. Èló ni wọ́n ní ká mú wá fún béèlì?"

Ìwé owó ilé oúnjẹ ṣì wà lápò mi. Mo yọ ọ́, mo ń wá ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí, ni Ìyá Ìbejì bá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.