Ohun tí ojú mi rí nídìí ìwádìí ìwé kíkà ní Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí lórí bí tọmọdé tàgbà ṣe ń kàwé, ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi rán wa níṣẹ́ ni pé, "Ìwé mélòó lẹ kà lọ́dún tó kọjá?" Ẹ pa á tì. Ta ni yóò fẹ́ kí ará ilé rẹ̀ gbọ́ pé òun kò ka ìkankan? Iye tó bá wù ú ni yóò dá. Ẹ kúkú béèrè pé, "Kí lẹ kà lánàá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."

Ohun tí èmi béèrè nìyẹn. Nílé kan ní Sùúrùlérè, ìwé ọmọdé kún inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n nílé ìtàwé ṣì wà lára wọn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ bàbá tí kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ní Múṣin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada àkàrà ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin kan ń ka bébà ìròyìn tí wọ́n fẹ́ fi wé àkàrà, ó ń fi àtàǹpàkò nu òróró tó ta sí i kúrò kó lè rí ọ̀rọ̀ tó kàn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ Bíbélì tí ìyá kan tó ń ránṣọ ń kà bí oníbàárà kò bá sí, mo kọ Kùránì, ìtàn orí fóònù, àti ìwé ìròyìn tí àwọn ọkùnrin ń dúró kà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Ojúẹlẹ́gbà.

Lọ́jọ́ tí a lọ jíṣẹ́ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ní Erékùṣù Èkó, ọ̀gá kan mú gègé pupa. Ó fa ìlà lé Bíbélì, ó fà á lé Kùránì, ó fà á lé ìwé ìròyìn, ó fà á lé fóònù. Wọ́n tún ìṣirò náà ṣe lójú mi títí ìyá aránṣọ yẹn fi di ẹni tí kì í kàwé rárá. Ọ̀gá náà ní, "Ṣé ẹ rí i? Àwọn ará Múṣin kì í kàwé." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe pé n kì í gba àtúnṣe. Ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 1929 sí 1930, inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ti I. B. Thomas ni ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí ọ̀pọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ti ń jáde bíi lẹ́tà, tí àwọn ará Èkó ń kà á, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ nípa rẹ̀. Gègé pupa yẹn ì bá pa gbogbo wọn rẹ́.

Ẹgbẹ́ mìíràn gba àbọ̀ ìwádìí náà nígbẹ̀yìn, wọ́n sì ń lò ó. Mo dúpẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá kọ ohun tó kà sí ìwé sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má bi ọmọ léèrè lójú olùkọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ. Ẹ ní kó fi ohun tó kà hàn yín. Kódà bí ẹ bá dé ilé ìkàwé, ẹ má kan ka orí àwọn tó jókòó: ẹ wo ohun tó wà níwájú wọn, nítorí ẹni tó gbé ìwé ìdánwò JAMB wá láti ilé kò tíì yá ìwé kankan níbẹ̀.