Àjèjì àti onílé ló jọ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní London

Ní ọdún 1874, Karl Marx, òǹkọ̀wé ará Jámánì tí àwọn sọ́ṣálíìsì ń tẹ̀lé èrò rẹ̀, kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ onílùú. Ó ti lo ọdún 25 ní London nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ, ibẹ̀ ló sì ti sin ọmọ. Wọ́n kọ̀ fún un. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá Scotland Yard kọ nípa rẹ̀ ni pé arúlùú ará Jámánì ni, àti pé kò ṣòótọ́ sí ọba àti ìlú tirẹ̀. Ó ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Prussia, apá ibi tí wọ́n bí i sí ní Jámánì, láti ọdún 1845, nítorí náà, nígbà tó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1883, kò sí ìjọba kankan tó lè pè é ní ọmọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń dúró de lẹ́tà Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, rí yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Nílé, Rọ́ṣíà la máa ń ro mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn sọ́ṣálíìsì, àwọn tó ní kí ọrọ̀ ìlú jẹ́ ti gbogbo òṣìṣẹ́: Lenin, Stalin, ìbọn àti ogun. London ni mo dé kí n tó mọ̀ pé inú yàrá méjì ní 28 Dean Street, ní Soho, ni Marx ti ń ro ọ̀pọ̀ nínú ohun tó rò, tòun ti ìyàwó àti ọmọ, tí àwọn tó wá sin gbèsè sì ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn, Franziska, kú ní ọdún 1852, owó pósí ò sí nílé. Jenny, ìyá ọmọ náà, lọ bá ará Faransé kan tó sá wá sí London bíi tiwọn, ìyẹn sì fún un ní pọ́n-ùn méjì. Owó yẹn ni wọ́n fi ra pósí. Lọ́dún yẹn kan náà, Marx kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Friedrich Engels, pé òun ò lè jáde nílé torí pé òun ti fi àwọn kóòtù òun dógò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó wá iṣẹ́ akọ̀wé lọ sí iléeṣẹ́ rélùwéè, wọn ò gbà á torí pé ìwé tó ń kọ ò ṣe é kà. Engels tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ òwú ní Manchester ló ń fowó ránṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1864, àwọn òṣìṣẹ́ kún gbọ̀ngàn St Martin's Hall ní Long Acre fọ́fọ́. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Faransé wà níbẹ̀, Jámánì, Ítálì àti àwọn ará Poland náà. Marx náà wà lára wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí First International sílẹ̀. Ohun tó bí i gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, George Odger, tó jẹ́ aránbàtà, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ní ìgbàkúùgbà tí àwọn bá béèrè fún àfikún owó tàbí ìdínkù wákàtí iṣẹ́, àwọn ọ̀gá á ní àwọn á kó ará Faransé, Jámánì tàbí Belgium wá, tí yóò ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n sì rí i nígbà mìíràn tí wọ́n kó wọn wá lóòótọ́.

Wọn ò wá sọ pé kí wọ́n ti bodè mọ́ àjèjì. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn tí wọ́n kó wá ń bínú àwọn, àìgbọ́ra-ẹni-yé ló fà á. Ẹ jẹ́ ká máa bá ara wa sọ̀rọ̀, ká gbé owó ẹni tó ń gbà kékeré sókè títí yóò fi súnmọ́ ti ẹni tó ń gbà púpọ̀, kí ọ̀gá má fi wá na ara wa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyẹn. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dán an wò: nígbà tí àwọn ọ̀gá télọ̀ ní Edinburgh ń kó télọ̀ wá láti Jámánì ní ọdún 1866, Marx fúnra rẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sínú ìwé ìròyìn Jámánì pé kí àwọn ará ilé má wá.

Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn, lèmi ń ṣe. Láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo ti máa ń wà nínú bọ́ọ̀sì, láti ilé àgbàlagbà kan sí ilé òmíràn. Ẹ́jẹ́ǹsì tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ kì í sanwó àkókò ojú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú tí mo bá fi wẹ màmá, tí mo fi wọṣọ fún wọn, tí mo fi fún wọn lóògùn, òun nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá lanu sọ̀rọ̀, wọ́n á rán an létí pé àwọn ni onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tá a jọ wà níbi iṣẹ́ náà wá kò mí lójú pé àwa tá a ti òkè òkun wá la ò jẹ́ kí owó kíà lọ sókè. Ó dùn mí dé egungun. Bàbá kan, ará Ìjẹ̀bú tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, ni mo ro ẹjọ́ fún. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, má bá a jà. Mú un lọ́wọ́, kí ẹ jọ lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìyẹn gan-an lọ̀gá yín ò fẹ́.” A jọ lọ.

Nínú gbogbo èèyàn inú ìtàn yìí, Eleanor, àbíkẹ́yìn Marx, ni mo fẹ́ràn jù. Dean Street ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1855. Ó mọ̀wé, ó gbọ́ èdè, síbẹ̀ East End ló ń lọ, láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gáàsì. Will Thorne, tó ń kó èédú sínú iná ní Beckton, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kọ. Eleanor jókòó tì í, ó kọ́ ọ. Oṣù Kẹta ọdún 1889 ni Thorne àti àwọn èèyàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gáàsì sílẹ̀, kò sì tó ọdún kan tí wákàtí 12 lójúmọ́ fi di 8. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, àwọn alágbàṣe èbúté London náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Pẹ́nì mẹ́fà ní wákàtí kan ni wọ́n ń béèrè. Ben Tillett, Tom Mann àti John Burns ló ṣíwájú wọn. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Australia, nǹkan bíi £30,000, látọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn ò rí wọn rí, tí wọn ò sì ní rí wọn láéláé. Wọ́n gba pẹ́nì mẹ́fà wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní Paris, àwọn sọ́ṣálíìsì dá International kejì sílẹ̀, wọ́n sì fi ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ṣe ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ gbogbo ayé yóò jọ béèrè wákàtí mẹ́jọ. Ìsinmi Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ tí a ń gbádùn ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Clara Zetkin, ará Jámánì, ló dábàá ọjọ́ àwọn obìnrin ní Copenhagen ní ọdún 1910.

Ogun ọdún 1914 ló fọ́ gbogbo rẹ̀. Jean Jaurès, aṣáájú àwọn sọ́ṣálíìsì Faransé, ń bẹ Faransé pé kí wọ́n má jagun, wọ́n yìnbọn pa á nílé oúnjẹ kan ní Paris ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ sọ́ṣálíìsì Jámánì, èyí tó tóbi jù láyé, dìbò pé kí ìjọba yá owó ogun. Rosa Luxemburg, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà, kọ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1919, àwọn ọmọ ogun pa òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Karl Liebknecht, ní Berlin, wọ́n sì ju òkú Rosa sínú odò àtọwọ́dá kan.

Lenin dá International kẹta, ti àwọn kómúníìsì, ìyẹn àwọn sọ́ṣálíìsì tó tẹ̀lé e, sílẹ̀ ní Moscow lọ́dún yẹn. Mi ò ní fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà pamọ́. Lábẹ́ Stalin, ọ̀pọ̀ àwọn tó sá lọ sí Moscow nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni wọ́n pa síbẹ̀, ní 1937 àti 1938, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló sì pa wọ́n. Ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí tó fo ibẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún òkú wọn.

Síbẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn náà ni àwọn èèyàn wa gbà wọlé. Oṣù Keje ọdún 1930, George Padmore, ọmọ Trinidad, bá àwọn kómúníìsì Moscow ṣètò ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Hamburg. Frank Macaulay, ọmọ Herbert Macaulay, wà níbẹ̀ láti Nàìjíríà. Nígbà tí Padmore rí i ní 1933 pé Moscow ti ń dẹwọ́ nínú ìjà àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń mú sìn, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó bá iṣẹ́ lọ. Òun wà lára àwọn tó ṣètò ìpàdé Pan-African, ti àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé, ní Manchester lọ́dún 1945.

Lọ́dún 1947 ni Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì wá sí London. Nínú ìwé ìròyìn Daily Worker, ìwé àwọn kómúníìsì, ló ti kọ ọ́ gbangba pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gba ipò tí obìnrin wà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan bínú sí i nílé. Kò sọ pé kómúníìsì lòun, ṣùgbọ́n kò kọ ọwọ́ tí wọ́n nà sí i. Nígbà tó di 1949, òun àti àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta ti fi ìjà owó orí lé Aláké Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́.

Bí ẹ bá dé ibojì Marx ní Highgate, ẹ wo apá òsì. Claudia Jones ló wà níbẹ̀, ọmọ Trinidad tí Amẹ́ríkà lé jáde ní 1955 torí pé kómúníìsì ni. Brixton ló ti dá ìwé ìròyìn West Indian Gazette sílẹ̀, òun ló sì ṣe kánífà àwọn ará Caribbean àkọ́kọ́ ní London, ní gbọ̀ngàn St Pancras, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1959, lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun ti kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Notting Hill. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ya fọ́tò Marx nìkan.

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ṣe kíà, òfin owó-iṣẹ́ Britain ka ìrìn láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan sí òmíràn mọ́ àkókò iṣẹ́. Ẹ máa kọ wákàtí yín sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì mú un dání wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ pe ẹni tó jókòó tì yín níbi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ ará India.