Máṣíìnì nínú léènì bọ́ọ̀sì: ti London yàtọ̀ sí t'Èkó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn mi l'Ékòó máa ń gbé kò mí lójú ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi fídíò tí kámẹ́rà orí akoto mi ká síta, èyí tí gbogbo mọ́tò ti dúró gbagidi tí èmi ń bá tèmi lọ nínú léènì bọ́ọ̀sì ní London níbí tí kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Wọ́n á ní ṣé o rí i, àwọn òyìnbó mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe, kí ló wá dé tí wọn ò lè jẹ́ káwọn dispatch, àwọn tó ń fi máṣíìnì gbé ọjà kiri, náà máa gba léènì bọ́ọ̀sì BRT ní Ìkòròdú Road? Mo ti dáhùn lórí fóònù títí ó sú mi, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí.

Èsì mi ni pé ní London, kí wọ́n jẹ́ ká máa wọ gbogbo ẹ̀ pátá, kò yẹ kó ku ọ̀kan tí wọ́n máa ní ká má wọ̀. L'Ékòó, níbi tí wọ́n ti fi kọnkéré pààlà léènì yẹn sọ́tọ̀, rárá o. Kì í ṣe pé àwọn tó ń gun máṣíìnì l'Ékòó ò gbọ́n, àbí pé òyìnbó níwà jù wọ́n lọ, mi ò kí ń gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ṣe títì méjèèjì ni ò dọ́gba.

Ti ibi tí mò ń gbé ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Oúnjẹ ni mò ń fi máṣíìnì 125 gbé kiri, Peckham, Camberwell, New Cross, títí wọ Old Kent Road. Ọ̀pọ̀ títì ńlá agbègbè yìí ló wà lábẹ́ TfL, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìrìnnà ní London, àwọn títì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní red route. Ní January 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò oṣù 18 pé kí máṣíìnì máa wọ léènì bọ́ọ̀sì orí àwọn títì yẹn, wọ́n tún gbé ìdánwò míì kalẹ̀ ní 2010, ìgbà tó sì di January 2012, lásìkò tí Boris Johnson jẹ́ méyọ̀, wọ́n sọ ọ́ di òfin tó dúró. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n bá so àpótí ìjókòó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti wá ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Títì TfL kì í lọ títí. Tó o bá yà ní kọ́nà kan báyìí, o ti bọ́ sórí títì kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, kánsù kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tiẹ̀, àwọn kan gbà kí máṣíìnì wọlé, àwọn kan ò gbà. Kò sẹ́ni tó máa lu aago fún ẹ pé o ti kúrò níbi kan o ti dé ibòmíì. Pátákó búlúù kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ya bọ́ọ̀sì sí, wọ́n ya báísíkù sí, wọ́n kọ taxi sí, ìwọ lo máa wò ó bóyá wọ́n ya máṣíìnì náà sí i. Ẹ wá rò ó pé òjò ń rọ̀, dígí akoto ti hu kùrukùru, ewé igi ti bo ìdajì pátákó, fóònù ń ké pé oúnjẹ ti pẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni lẹ́tà á dé pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀yìn máṣíìnì ẹ, pọ́n-ùn 160, tó o bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14 ó di 80. Ẹni tó jẹ́ pé iye oúnjẹ tó bá gbé ni wọ́n ń san fún, ìyẹn ti kó gbogbo ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ lọ, tó fi mọ́ owó epo. Mo mọ ọmọ wa kan tó jẹ́ pé léènì kan náà ló máa ń gbà lójoojúmọ́, bó ṣe kọjá iná tírífíìkì kan ni òfin yí padà, kò sì mọ̀ títí lẹ́tà fi dé. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú gan-an, torí kò sí ààbò kankan tí òfin bẹ́ẹ̀ ń fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí kí ni wọ́n rò pé a máa ṣe tí wọ́n bá lé wa kúrò ńbẹ̀? A ò ní dúró sẹ́yìn mọ́tò ká máa wò ó. Àárín ìlà méjì la máa já gbà, dígí mọ́tò lọ́tùn-ún, dígí mọ́tò lósì, èyí tó fẹ́ yà sí léènì kejì láìṣẹ́ iná, èyí tí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tí èrò inú ẹ̀ ṣílẹ̀kùn lójijì torí ó ti pẹ́ débi ìpàdé. Èmi mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nínú ara mi, tí mo bá ti bọ́ sí léènì bọ́ọ̀sì báyìí èjìká mi á rọ̀ wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ pé ewu ò sí nínú léènì bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe CBT, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ gun máṣíìnì, tẹ́ ẹ lẹ àmì L ti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí dáadáa. Mọ́tò ti tò sílẹ̀ lápá ọ̀tún ẹ, kò sí èyí tó ń rìn nínú wọn, léènì bọ́ọ̀sì ṣófo gbayawu níwájú ẹ, ọwọ́ ẹ á máa yún ẹ láti fi eré sí i. Ó wá ku ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìlà yẹn, ó ti fi àyè sílẹ̀ níwájú ara ẹ̀, ó ṣẹ́ iná fún mọ́tò kan tó ń bọ̀ lódìkejì pé máa yà wọ àdúgbò lọ, inúure ló fi ṣe é, kò rántí pé ìwọ ń bọ̀ lápá òsì ẹ̀. Mọ́tò yẹn á wá já láti àárín ìlà, kò rí ẹ, ìwọ náà ò rí i torí fáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ti dí ẹ lójú. Imú ẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí, ó sì lè jẹ́ òun náà lo máa rí kẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tó o bá ti rí i pé ìlà mọ́tò ní àlàfo, tí àlàfo yẹn sì ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ẹnu àdúgbò kan, dín eré kù, gbé ìka lé bíréèkì, bó o tiẹ̀ rí i àbí o ò rí i.

Àwọn tó ń gun báísíkù náà ní ẹjọ́ tiwọn. London Cycling Campaign, ẹgbẹ́ wọn, ò fẹ́ ká wọlé látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì lè ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, torí ó láwọn kan nínú wa tó ń fi eré kọjá lára obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn báísíkù bí ẹni pé ìjà ló fẹ́ lọ jà. Ọ̀rọ̀ eré sísá náà ni TfL gbájú mọ́ nígbà ìdánwò kejì yẹn, tí wọ́n kó ọlọ́pàá síta. Èmi fara mọ́ kí wọ́n mú ẹni tó bá sáré kọjá máìlì 20 níbi tí wọ́n ní kó máa sá máìlì 20. Ní 2024 ìjọba bèèrè lọ́wọ́ ará ìlú bóyá kí wọ́n ṣí gbogbo léènì bọ́ọ̀sì ilẹ̀ England fún máṣíìnì, kó jẹ́ pé kánsù tí ò bá fẹ́ ni yóò máa wá sọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí.

Ó yá, Èkó.

Kétu ni mo dàgbà sí, ojú mi ni BRT ṣe bẹ̀rẹ̀ ní March 2008, ayé Fáṣọlá, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi odindi òwúrọ̀ dé Island kó tó di ìgbà yẹn á mọ ìdí tí inú wa fi dùn. Nǹkan tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ náà ni kọnkéré yẹn. London fi ọ̀dà lásán fa ìlà sílẹ̀, tí bọ́ọ̀sì bá bá mi níwájú ó lè tẹ ọ̀dà kọjá, kó yà mí sílẹ̀, kó máa lọ. Ìkòròdú Road kò rí bẹ́ẹ̀, apá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọ́n fi kọnkéré dí, torí wọ́n mọ danfo wa, ọ̀dà ò lè dá danfo dúró láéláé. Fífẹ̀ léènì yẹn ò ju mítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ fẹ̀ tó mítà méjì àtààbọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ wo ohun tó kù, kò tó bí ọwọ́ máṣíìnì ṣe fẹ̀ àfi téèyàn bá fẹ́ máa fi orúnkún ha kọnkéré.

Tí dispatch bá wà nínú ẹ̀ tí bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ibo ló máa yà sí? Kò sí. Ọ̀kan nínú méjì ni, yálà kí bọ́ọ̀sì tó kó èrò kún fọ́fọ́ máa wọ́ tẹ̀lé e bíi pé ó ń sìnkú, àbí kí dẹ́rẹ́bà máa fọn fèrè sí i nídìí títí ọkàn ẹ̀ á fi já, tó máa ṣubú síwájú táyà. Tí bọ́ọ̀sì bá sì dúró kó èrò l'Ónípàánu ńkọ́, dispatch tó ti dé ẹ̀yìn ẹ̀, tí àpótí ẹ̀yìn ẹ̀ gbé ọjà oníbàárà tó ti ń pè é látàárọ̀, ṣẹ́ ẹ rò pé ó máa dúró máa fa èéfín símú? Àárín bọ́ọ̀sì àti ibi tí èrò dúró sí ló máa fẹ́ já gbà, nígbà tí màmá kan ń gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń sọdá náà tún wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá ni ojú wọn ń wá, wọn ò ní retí nǹkan kékeré tó ń já bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Àwọn kan á ní ṣebí ibi tó jẹ́ ọ̀dà lásán wà lójú ọ̀nà yẹn, kí wọ́n fún wọn níyẹn. Ẹni tó bá ti wọ ibi ọ̀dà, tó dé ẹnu ibi kọnkéré, tó rí i pé ìta ti dí pa, ṣé yóò jáde? Èmi ò ní jáde, kí n sòótọ́.

Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò, ìjọba ti lé wọn kúrò lójú ọ̀nà yẹn, òfin 2012 ti ní títì 475 tí wọn ò gbọdọ̀ gbà, ti June 2022 kó ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fi mẹ́rin kún un ní September ọdún yẹn, Kóṣọ̀fẹ́ tiwa wà níbẹ̀, Ṣómólú wà níbẹ̀. Dispatch ló ṣẹ́kù, àwọn ọmọdé tí oòrùn ń pa, tí wọ́n ń já gba àárín tírélà àti danfo kí ọjà tá a rà lórí fóònù lè dé ilé. Wọ́n yẹ lẹ́ni à ń ṣàánú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo kọ yìí kó ní mo ní kí wọ́n kú síbẹ̀.

Malaysia ti fún máṣíìnì ní ọ̀nà tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Federal Highway ní Kuala Lumpur láti àwọn ọdún 1970, ọ̀nà tóóró tí mọ́tò ò lè wọ̀. Ìkòròdú Road ní service lane, ọ̀nà kékeré ẹ̀gbẹ́ títì ńlá, lọ́pọ̀ ibi, Ojota, Maryland, lọ sísàlẹ̀. Kí ló wà nínú ẹ̀ báyìí? Danfo tó ń pe èrò, mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, mọ́tò tó ti kú látọdún mélòó kan. Tí LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ l'Ékòó, bá kó danfo àti òkú mọ́tò kúrò níbẹ̀, tí wọ́n wá àyè míì fún àwọn ọlọ́jà, tí wọ́n fi kọnkéré ya mítà kan ààbọ̀ péré sọ́tọ̀ fún dispatch lápá kan, àyè ti wà. Èyí ni mo ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n máa bèèrè fún, kí wọ́n sì tètè bèèrè ẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá fẹ́ ṣe BRT tuntun, kí wọ́n tó da kọnkéré, torí tó bá ti gbẹ, kò sẹ́ni tó máa hú u mọ́.