Ọkọ̀ mi ò fà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ohun tójú mi rí

Ẹni tó bá ní Corolla 2003 sí 2008 kó gbọ́ tèmi o. 2005 ni tèmi, tí mo bá ń wà á jẹ́jẹ́ láàárín ìlú kò sí wàhálà kankan, àmọ́ ẹ jẹ́ n bọ́ sí ẹsípírésì Ìbàdàn kí n fẹ́ ya tírélà kọjá, bí mo bá ṣe tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ báyìí ọkọ̀ á kàn máa hó lásán, á máa já gìdìgìdì bí ẹni tí òsúkè ń ṣe, kò ní lọ. Lọ́jọ́ kan nítòsí Mowe, mo ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà tán kó tó kọ̀, hùn-ún, Ọlọ́run ló yọ mí.

Mẹkáníìkì mi ní pọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún ní kọ́ìlì ni, mo lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, pàbó. Ìgbà tó wá dórí gíábọ́ọ̀sì ni mo bá gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò ló rí kóòdù àṣìṣe P0171, ìyẹn ni pé epo tó ń wọ ínjìnnì ti kéré sí atẹ́gùn. Ó fọ sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ínjìnnì, kò yàtọ̀, ló bá so géèjì tó ń wọn agbára tí epo fi ń tì mọ́ páìpù epo. Lórí ìdúró ó ka 45 psi, 44 sí 50 ló sì yẹ kó wà. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, kì í ṣe pọ́ǹpù epo nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká wà á ná." Ó fi téèpù lẹ géèjì mọ́ gíláàsì iwájú, a jáde, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ojú mi ló ṣe tó já wálẹ̀ sí 25!

A yọ ìjókòó ẹ̀yìn, a fa pọ́ǹpù jáde nínú táǹkì (ẹ yọ bátìrì kẹ́ ẹ tó ṣe é, kẹ́nikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀ o). Asẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò àmàlà. Ẹ̀bi mi ni, torí iná epo kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mi, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì ni pọ́ǹpù ń fà, bẹ́ẹ̀ epo yẹn náà ló ń mú un tutù. Pọ́ǹpù, fílítà àti asẹ́ la pààrọ̀, a tún wà á, 48 ni géèjì dúró sí.

Tí géèjì tiyín ò bá já wálẹ̀ lórí eré, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀, ẹ lọ wo fílítà atẹ́gùn àti kátálíìsì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ẹ́sọ́ọ̀sì), àfàìmọ̀ kó má ti dí.