Omi tí mo máa ń fi ìgúnpá wò

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń fún Bàbá lówó láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́ ló máa ń jókòó sí, lórí páálí, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ká kò, wọ́n fi àkísà di ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń lọ sí ìsọ̀ mi láàárọ̀, màá ju igba náírà sínú abọ́ rẹ̀, màá ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó," n kò sì ní dúró gbọ́ èsì. Mò ń jù ú ni, kí ọwọ́ mi má baà kan abọ́ náà. Síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni mí nínú ìjọ wa, mo sì gbà pé mo ti ṣe ohun tí Jésù ń wí nínú Mátíù orí 25, pé ebi pa òun, a sì fún òun ní oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ mú débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ra ògì gbígbóná àti àkàrà, mo bu ògì náà sínú ife onírin, mo gbé e fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Àdúrà náà gùn. Nígbà tó gbé ife sílẹ̀, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo figbe ta.

"Ìyá Ìbejì, kí ló dé?"

Ó mọ orúkọ tí àwọn oníbàárà ń pè mí. Èmi kò mọ tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọwọ́ náà ló là mí lójú. Ó ní ẹ̀tẹ̀ kì í gé ìka èèyàn. Ńṣe ló ń pa iṣan tó ń jẹ́ kí ara mọ ìrora. Iná á jó onítọ̀hún, ìṣó á gún un, òkúta á wà nínú bàtà rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní mọ̀, egbò á sì máa jẹ ẹran ara wọlé. Ó ní ara Bàbá ti yá tipẹ́, àpá ló kù. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa lo oògùn tó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ pa pọ̀ fún àìsàn yìí, oṣù mẹ́fà fún àwọn kan, oṣù méjìlá fún àwọn mìíràn, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò sì ní pẹ́ tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tí kò fi ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń sá fún àìsàn tí kò sí lára rẹ̀.

Àwọn àgbà ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Mo ti pa òwe yẹn nípàdé láìmọye ìgbà. N kò pa á mọ́.

Ẹsẹ̀ ló wá kù. Nọ́ọ̀sì ní lójoojúmọ́ ni kí a máa rẹ ẹ́ sínú omi tí kò gbóná fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a rọra ha awọ tó ti le kúrò, kí a fi Vaseline pa á nígbà tó ṣì tutù, kí a sì yẹ àárín ọmọ ìka wò bóyá egbò wà níbẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́, Jòhánù orí 13, níbi tí Jésù ti wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde la máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa nínú ìjọ. Ilé la ti máa ń fọ ẹsẹ̀ náà wá, a tún máa ń fi ìpara pa á.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú àkísà ẹsẹ̀ Bàbá, òórùn rẹ̀ mú kí n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rí mi. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí kò bá rọrùn fún yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n dìde.

Nígbà tí mo mú un lọ sí ìjọ, wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, òun nìkan. Alàgbà kan fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn pé kí a máa fi ìpín Bàbá ránṣẹ́ sí i. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni, èmi náà sì ti bẹ̀rù rí. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kí ó wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Mo sì ka Máàkù orí kìíní fún wọn: Jésù ti fi ọwọ́ ba adẹ́tẹ̀ kan kí ara rẹ̀ tó mọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1873, àlùfáà kan tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù, Damien, lọ ń gbé láàárín àwọn adẹ́tẹ̀ ní erékùṣù Molokai ní Hawaii. Àìsàn náà ló pa á lọ́dún 1889. Kò sí oògùn nígbà náà. Àwa tí oògùn wà fún la ń gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá méjì tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Aṣọ ni mo ti fẹ́ rà fún Bàbá. Ohun tó fẹ́ ni sálúbàtà rírọ̀ tí wọn kò fi ìṣó kàn, àti ẹni tó máa bá a tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, torí ìka rẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ya fọ́tò wọn. Bí ẹ bá sì rí àmì tó funfun díẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, tí ẹ fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀ ọ́n lára, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Kíkánjú yẹn ló ń gba ìka là.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjà tú pẹ́, ó ti rẹ̀ mí. Mo gbé abọ́ omi síwájú Bàbá, mo sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, o ò tíì wò ó."

Mo ti ìgúnpá bọ omi náà. Ó tutù. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi.